Erin Tó Gbà Kí Àlejò Wẹ Òun

Àwòrán kan wà tó ti di gbajúmọ̀ lórí Facebook àti Instagram. Àlejò kan dúró nínú odò tó mù ún dé orúnkún, ó di garawa mú, ó ń da omi sí erin lára, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Erin náà dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ láàárọ̀. Lára pátákó tó wà lẹ́yìn wọn, ibi ààbò erin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Thailand ni púpọ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti ń wá, láti agbègbè Chiang Mai ní àríwá, àti láti Phuket pẹ̀lú àwọn erékùṣù tó yí i ká ní gúúsù. Ẹni tó bá rí i á rò pé ìwà àánú ni òun ń wò: kò sí àga lẹ́yìn erin, kò sẹ́ni tó gùn ún, kò sí ẹgba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo erin náà fúnra rẹ̀. Ẹranko tó lè wọn tọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, irú èyí tí ọdẹ tó mọṣẹ́ ń yà fún lọ́nà. Kí ni wọ́n ṣe fún un tó fi gbà kí ẹni tí kò mọ̀ rí, tó dé láàárọ̀ tí yóò sì lọ kí oòrùn tó wọ̀, máa fi kànìnkànìn ha òun lẹ́yìn? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé bí ibùdó kan bá ṣe ń jẹ́ kí àlejò sún mọ́ erin tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ erin náà ṣe pọ̀ tó. Ibi tí owó wa kò ti lè rà ju ìran díẹ̀ lókèèrè lọ, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ná an sí.

Yorùbá ti pa ìtàn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìjàpá ló lọ mú erin wọ̀lú. Kò mú okùn dání, kò mú ọfà. Ó kàn sọ fún erin pé àwọn ará ìlú ti pinnu láti fi í jọba. Orin àti ijó ni wọ́n fi sìn ín wọ̀lú, erin kò sì mọ̀ pé wọ́n ti gbẹ́ kòtò jíjìn sílẹ̀ dè é, tí wọ́n tẹ́ ẹní dáradára bò ó, tí wọ́n sì ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìtẹ́ ọba. Ohun tó ń dùn mọ́ ọmọdé nínú ìtàn náà ni ọgbọ́n Ìjàpá. Ohun tó yẹ kí àgbà rí níbẹ̀ ni pé orúkọ rere ló pa erin, kì í ṣe agbára. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè ní ibi ààbò ṣe rí nínú òwò ìrìn-àjò afẹ́ lónìí. Ní Thailand, kò sí òfin tó sọ irú ibùdó tó lè jẹ́ orúkọ náà àti irú èyí tí kò lè jẹ́ ẹ. Ibùdó tó ń gbé àlejò gun erin lọ́dún tó kọjá lè tú àga kúrò lẹ́yìn wọn lọ́dún yìí, kó kọ pátákó tuntun, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwẹ̀ erin dípò gígùn. Erin kan náà ni, ẹ̀wọ̀n alẹ́ kan náà ni, olówó kan náà ni. Àlejò nìkan ni ara ti tù.

Ká tó bú ẹnikẹ́ni, ó yẹ ká mọ bí erin ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò yìí. Gẹdú ni erin ń fà ní Thailand fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló ń wọnú igbó tí ọkọ̀ kò lè dé, tó ń fi ọwọ́jà àti eyín yí ìtì igi, tó ń wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ní November 1988, òjò àrọ̀ìrọ̀dá rọ̀ ní gúúsù ilẹ̀ náà. Orí òkè tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán kò lè di omi mú mọ́. Ẹrẹ̀ àti ìtì igi ya lu àwọn abúlé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì bá a lọ. Nígbà tó di January 1989, ìjọba fi òfin de gígé gẹdú nínú igbó. Òfin náà dára fún igbó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún erin àti àwọn tó ń dà wọ́n di aláìníṣẹ́ lójijì, bẹ́ẹ̀ erin kò ṣe é gbé pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú: ó lè jẹ 150 kìlò oúnjẹ lójúmọ́, ó sì lè lò tó 60 ọdún láyé. Àwọn kan mú tiwọn wọ Bangkok, wọ́n ń ta ìdì ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá lójú pópó kí wọ́n lè fún erin jẹ. Àwọn yòókù bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àlejò. Òfin ọdún 1939 kan ló ṣì ka erin tó bá wà lọ́wọ́ ènìyàn mọ́ ẹran arẹrù, gẹ́gẹ́ bí ẹfọ̀n tí wọ́n fi ń ro oko ìrẹsì. Èyí tó wà nínú igbó ni òfin ẹranko ìgbẹ́ ń dáàbò bò. Nítorí náà, ẹni tó ni erin lè tà á, ó lè yá ènìyàn, ó lè fi í ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí erin bá kú ni à ń rí onírúurú ọ̀bẹ. Ní ti erin Thailand, kò tíì kú tí ọ̀bẹ fi yọ.

Àtakò tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé kí ló dé tí a kì í pariwo lórí ẹṣin, màlúù àti ajá. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, pé erin kò tíì di ẹran ọ̀sìn rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni màlúù àti ẹṣin ti wà lọ́dọ̀ ènìyàn; èyí tó bá rọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kó bí sí i, èyí tó bá le ni wọ́n ń pa jẹ, títí ìwà tútù fi di ti ìran wọn. Erin kò gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá. Oyún rẹ̀ ń lò tó oṣù 22, ọmọ rẹ̀ kì í tètè gbó, láti inú igbó ni wọ́n sì ti ń mú un láti ayébáyé. Èyí tí wọ́n bí sínú àgọ́ lánàá, erin igbó náà ni ní gbogbo ọ̀nà. Ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti tẹ̀ lórí ba, kì í ṣe ìran wọn lápapọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, tí àwọn ibìkan sì ń ṣe é títí di òní, ni àwọn ará Thailand ń pè ní phajaan. Wọ́n á já ọmọ erin gbà lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ àárín igi tó fún mọ́ ọn débi pé kò ní lè yíra padà, wọ́n á so ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ebi àti àìsùn mú un, wọ́n á sì máa fi ìkọ́ irin gún un lórí àti létí títí yóò fi gbà pé ènìyàn ni ọ̀gá. Mo gbà pé gbogbo ibùdó kọ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn olùtọ́jú kan sì wà tó jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n fi ń kọ́ erin. Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí ìkọ́ irin náà ṣì ń wà lápò ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ erin nígbà tí àlejò ń wẹ̀ ẹ́. Kò fi lù ú, òótọ́ ni. Kò nílò àtifi lù ú mọ́.

Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ World Animal Protection gbé ìròyìn kan jáde lórí erin 2,923 tó wà níbi ìgbafẹ́ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà. Wọ́n ní mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló wà nínú ìnira, tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n kúkúrú so nígbà tí kò bá sí àlejò lẹ́yìn wọn, tí oúnjẹ wọn kò pé, tí wọn kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́ tí wọn yóò bá ṣe ọ̀rẹ́. Thailand nìkan ni ó ní ju ìlọ́po méjì àwọn erin tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù tí wọ́n wò lọ. Ẹnìkan lè sọ pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹranko ni, kò sì ní ṣàì rí ohun tó ń wá. Mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í ṣe èrò. Ẹni tó bá débẹ̀ á rí i. Ohun mìíràn tún wà tí kò gba ìwádìí. Ní January 2025, ní ìpínlẹ̀ Phang Nga ní gúúsù Thailand, erin kan gún ọmọbìnrin ará Sípéènì kan, ọmọ ọdún 22, pa níbi tó ti ń wẹ̀ ẹ́ ní ibùdó ìtọ́jú erin kan. Kò gùn ún, kò nà án. Ohun tí pátákó ní kó ṣe ló ń ṣe. Ẹ kò ní rí mi kí n di ẹ̀bi rù ú, n kò sì rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn erin náà. Ohun tí ikú yẹn fi hàn ni pé ìwà pẹ̀lẹ́ tí à ń rí nínú àwòrán, àdéhùn tí erin kò fọwọ́ sí ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ erin ju èmi lọ ni àtakò tó lágbára jù ti wá. Àwọn dókítà ẹranko àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chiang Mai ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti imí erin wò ní oríṣiríṣi ibùdó, láti ibi tí wọ́n ti ń gùn ún dé ibi tí àlejò kàn ń wò ó tí ó sì ń fún un lóúnjẹ. Ohun tí wọ́n rí kò bá ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí mu. Erin tí kò rin ìrìn kankan, tí àlejò ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrèké fún láti àárọ̀ dalẹ́, ń sanra ju bó ṣe yẹ lọ, àmì ìdààmú tí wọ́n ń wá nínú imí rẹ̀ kò sì kéré sí ti erin tí wọ́n ń gùn níwọ̀nba. Ní àwọn ìgbà mìíràn ó tilẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Àwọn tó ń ta gígùn erin ti gbá ìwádìí yìí mú bí ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní ẹ rí i, gígùn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á rí i pé kì í ṣe àìgùn ló ń ṣe erin ní jàǹbá, àlejò ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń mú un sanra, ọwọ́ àlejò ló ti ń gbà á. Ibi kan náà tó ń dúró sí láìrìn, àlejò ni wọ́n ní kó dúró dè. Wọ́n gbé àga kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé agbọ̀n èso síwájú rẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ìgbésí ayé erin nínú méjèèjì. Nínú igbó, ọ̀pọ̀ wákàtí ni erin fi ń rìn tó ń wá koríko, èèpo igi àti ewé jẹ lójúmọ́. Ibùdó tó bá fẹ́ ṣe ààbò, ìrìn yẹn àti koríko yẹn ló yẹ kó dá padà fún un, èyí sì ni ohun tí kò ṣe é ṣe níwájú ogún ènìyàn tí wọ́n san owó kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án kí bọ́ọ̀sì tó padà sí òtẹ́ẹ̀lì.

Owó wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ owó ni àwọn tó ń gbè sẹ́yìn òwò yìí máa ń mú bọ́nu gbẹ̀yìn, kò sì yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ tì. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ibodè pa ní 2020, tí ọkọ̀ òfurufú kò gbé àlejò wá mọ́, ebi dé bá àwọn erin Thailand. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú kó erin wọn jáde ní àgọ́ Chiang Mai, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn padà sí abúlé wọn lórí òkè, nítorí pé níbẹ̀ ni koríko ọ̀fẹ́ wà. Ìyẹn fi hàn pé àlejò ló ń bọ́ erin. Ó sì tún fi ohun kejì hàn tí wọn kì í sọ. Òwò tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ní èrò lójoojúmọ́ kí ẹranko tó jẹun, òwò ni, kì í ṣe ààbò. Àwọn tó ń bí ọmọ erin sí i nínú àgọ́ nítorí pé ọmọ erin ló ń fa àlejò jù, ẹnu tí wọn yóò máa bọ́ fún 60 ọdún mìíràn ni wọ́n ń fi kún ara wọn lọ́rùn. N kò sọ pé kí wọ́n tú gbogbo erin wọ̀nyí sínú igbó lọ́la. Igbó Thailand kò tó mọ́, erin tó ti lo ogún ọdún lọ́dọ̀ ènìyàn kò sì mọ bí ó ṣe ń yẹra fún oko àti ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń dà wọ́n náà ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó àlejò lè ra ohun mìíràn. Ní Elephant Nature Park, tí Sangduen Chailert dá sílẹ̀ nítòsí Chiang Mai, wọ́n ti dá wíwẹ̀ erin dúró. Àlejò ń sanwó kí ó lè wo agbo erin látòkèèrè bí wọ́n ṣe ń ra ara wọn ní ẹrẹ̀. Síbẹ̀ àlejò kò yé wá. Ìyẹn tó láti fi dáhùn ẹni tó ní kò sẹ́ni tí yóò sanwó bí kò bá fọwọ́ kàn.

Kẹ́ńyà ni mo rò pé wọ́n ti mọ ìwọ̀n tó yẹ kí àlejò fi sún mọ́ erin jù lọ. Ilé ìtọ́jú ọmọ òrukàn erin tí Daphne Sheldrick dá sílẹ̀ ní 1977 wà nínú Ọgbà Ẹranko Nairobi. Ọmọ erin tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ nítorí eyín, tàbí tó já sínú kànga, ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀, wọ́n sì ti tọ́ ju 300 lọ. Níbẹ̀, olùtọ́jú ń fọwọ́ kan ọmọ erin tọ̀sán-tòru, ó tilẹ̀ ń bá a sùn nínú ilé, nítorí pé ọmọ erin tí kò rí ìyá kì í pẹ́ kú. Èyí kò ta ko ohun tí mo ń sọ. Ńṣe ló ṣàlàyé rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Sheldrick fúnra rẹ̀ tọ́ ọmọ erin kan tó ń jẹ́ Aisha. Nígbà tí ó rìnrìn àjò lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, Aisha kọ oúnjẹ, ó sì kú. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ nínú ọ̀ràn yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé títí di òní: àwọn olùtọ́jú ń gba ipò ara wọn kí ọmọ erin má baà gbé gbogbo ọkàn rẹ̀ lé ẹnìkan. Bí fífọwọ́kàn ẹnìkan ṣoṣo bá lè wọ erin lára tó bẹ́ẹ̀, kí ni a rò pé ọgọ́rùn-ún àjèjì lọ́sẹ̀ kan ń ṣe fún un? Wákàtí kan péré lóòjọ́ ni wọ́n fi ń gba èrò ní Nairobi, láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán. Okùn ni wọ́n fà sí àárín. Àwọn ọmọ erin á mu wàrà, wọ́n á ṣeré nínú ẹrẹ̀, olùtọ́jú kan á sì máa sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí wọ́n bá dàgbà, Tsavo ni wọ́n ń kó wọn lọ, níbi tí wọn yóò ti máa bá erin igbó rìn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi bá wọn lọ pátápátá. Àwọn abo kan nínú wọn ti padà wá fi ọmọ tí wọ́n bí sínú igbó han àwọn olùtọ́jú wọn. Ní Samburu, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ni Reteti, tí wọ́n ṣí ní 2016. Wàrà ewúrẹ́ tí àwọn obìnrin agbègbè náà ń tà ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ erin, owó náà sì ń wọlé fún wọn.

Àwọn kan tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi ààbò erin tó wà ní Hohenwald ní ìpínlẹ̀ Tennessee, Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, kì í gba àlejò rárá. Ilẹ̀ rẹ̀ ju 1,000 héktà lọ, kámẹ́rà nìkan ni aráyé fi ń wo àwọn erin rẹ̀, owó ìtọrẹ sì ń wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ wà lára àwọn tó lọ ṣí irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Mato Grosso ní Bùràsíìlì ní 2016, èyí tí òun náà kì í gba arìnrìn-àjò. Ní 2022, wọ́n kó ìyá àti ọmọ, Pocha àti Guillermina, wá síbẹ̀ láti ọgbà ẹranko Mendoza ní Ajẹntínà. Inú kòtò oníkọnkéré ni wọ́n bí Guillermina sí, ó sì ti lé ní ogún ọdún kó tó fẹsẹ̀ tẹ koríko tí kò ní ògiri lópin. Gbogbo ọdún yẹn ni èrò ń dúró létí kòtò tí wọ́n ń wò ó, tí àwọn òbí ń gbé ọmọ wọn sókè kó lè rí i dáadáa. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí àwọn tó máa ń sọ pé ọmọdé tí kò bá rí erin nítòsí kò ní mọ bí a ti ń fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ Mendoza rí i nítòsí. Ohun tí wọ́n kọ́ ni pé inú kòtò ni erin ń gbé.

Fún ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ohun tó yẹ kó bèèrè kò le. Kó bèèrè bóyá àlejò lè gùn, wẹ̀ tàbí fún erin lóúnjẹ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó wá ibòmíràn. Kó bèèrè ibi tí erin ń sùn lálẹ́ àti bóyá ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó bèèrè ibi tí ọmọ erin tó rí nínú fọ́tò ìpolówó ti wá, nítorí ibi ààbò tó ń ní ọmọ tuntun lọ́dọọdún, ilé ìbísí ni. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń yẹ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ wò káàkiri ayé, Global Federation of Animal Sanctuaries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007. Kò fàyè gba ìbísí, kò fàyè gba ìṣòwò ẹranko, kò sì fẹ́ kí àlejò máa fọwọ́ kan ẹranko ìgbẹ́. Orúkọ àwọn tó yege wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní rọrùn láti rí wọn láàárín ìpolówó tó kún ojú fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé bí ó ṣe jọ. Erin igbó ṣì wà ní ilẹ̀ Yorùbá, nínú igbó ọba Ọmọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1977 gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó yẹ ní ìtọ́jú. Ní 2021, àjọ IUCN kéde pé erin igbó Áfíríkà ti wà létí ìparun, pé ó ti dín ju 86 lọ nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún 31. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tí Nigerian Conservation Foundation ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń rìn lójoojúmọ́ láàárín àwọn agégẹdú, àwọn olóko kòkó àti àwọn ọdẹ. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan nínú ìjọba yóò fi sọ pé ó yẹ kí igbó náà máa pa owó ìrìn-àjò afẹ́ wọlé. Èmi náà fara mọ́ ọn. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí wọ́n lọ wo Thailand kọ́ ọ, kí wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ní erin mélòó kan tí àlejò lè ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Òwe wa ń fi ẹni tó rí àjànàkú tó ní òun rí nǹkan fìrí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú igbó Ọmọ́, fìrí yẹn gan-an ni ọjà: ojú ẹsẹ̀ ńlá nínú ẹrẹ̀, imí tó ṣì ń gbóná, ẹ̀ka igi tó ya, àti bóyá, lọ́jọ́ tí orí bá gbe àlejò, ẹ̀yìn ńlá kan tó ń wọ inú ewé lọ.

Ẹ̀rín ni àwọn kan yóò fi gba èyí. Wọ́n á ní ta ni yóò ti Èkó wakọ̀ wá wo imí erin? Àwọn ará Èkó kan náà ni wọ́n ń san owó ní Lẹkki láti rìn lórí afárá okùn tó gùn ní 401 mítà, kí wọ́n lè wo orí igi àti ọ̀bọ tí yóò yọjú nígbà tó bá wù ú. Ní Rwanda, ìnàkí igbó ni wọ́n ń lọ wò. Láti 2017, 1,500 dọ́là Amẹ́ríkà ni ìwé àṣẹ ẹnìkan, fún wákàtí kan ṣoṣo, lókèèrè, láìfọwọ́ kan ohunkóhun, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gun òkè dé ibi tí agbára fi ń tán. Èrò ń wá, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìrìn-àjò afẹ́ inú àwọn ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè náà sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn abúlé tó yí wọn ká. Apá kejì yìí ni mo rò pé ìjọba Ògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú. Àwọn abúlé kan ní Ìjẹ̀bú East ti ké gbàjarè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé erin ń wọ oko àwọn, pé ẹ̀mí wà nínú ewu. Ẹni tí erin hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lóru kò ní bá ẹnikẹ́ni dá ọdẹ lẹ́kun láàárọ̀. Kí wọ́n tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kankan sí ẹ̀gbẹ́ igbó náà, kí wọ́n tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó pe àwọn oníròyìn wá ṣí i, kí wọ́n lọ bi àwọn olóko wọ̀nyẹn léèrè iye ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti pàdánù, kí wọ́n sì san án.